Ẹni Tó Di Ṣọ́bìrì Mú Ni Ká Kọ́

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo rédíò ti gbé e. Wọ́n á dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á ka iye ẹni tó kú, gómìnà á bá àwọn ẹbí kẹ́dùn. Ọ̀nà tó yà kúrò lára ọ̀nà ńlá yẹn ńkọ́, èyí tó gba inú oko kòkó lọ sí abúlé, tí ọ̀kadà ti gbé ìyá àtọmọ ṣubú sínú kòtò lálẹ́? Ta ló ń ròyìn ìyẹn? Káńsù ló ni ín, rédíò ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà délé.

Nínú nǹkan bí 195,000 kìlómítà ọ̀nà tí wọ́n máa ń sọ pé ó wà ní Nàìjíríà, ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ bí 32,000, ti àwọn ìpínlẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tó kù, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sì sọ ọ́ láìfi bò: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà, iná ojú pópó àti gọ́tà. Ní Amẹ́ríkà níbí, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀nà ní káúńtì kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Ọ̀nà wọn lé ní mílíọ̀nù 4 máìlì, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ káúńtì àti àwọn ìlú kéékèèké. Ará ìgbèríko ò ju bí ẹnì kan nínú márùn-ún lọ nínú àwọn èèyàn ibẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa, bí ẹni méjì nínú márùn-ún ló ń kú sójú ọ̀nà ìgbèríko. Owó àti òkìkí wà lọ́dọ̀ ọ̀nà ńlá, òkú pọ̀ lójú ọ̀nà kékeré.

Ní 1982, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá ètò ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà ìgbèríko. Ní 1991, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé àwọn ìlú, wọ́n wá sọ ọ́ ní Local Technical Assistance Program. LTAP ni gbogbo wa ń pè é. Lónìí, ibùdó rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 àti ní Puerto Rico, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Yunifásítì ni púpọ̀ nínú àwọn ibùdó náà wà. Ti Indiana wà ní Purdue, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Road School láti 1914. Ti New York wà ní Cornell.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ètò yìí ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà kíkọ́ rárá. Wọ́n wò ó pé àwọn oníwàádìí ti kọ ohun tó ń mú ọ̀nà pa èèyàn sílẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe sí i, sínú ìwé ńláńlá. Ṣùgbọ́n fọ́mánù tó ní òṣìṣẹ́ mélòó kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí omi ti gbé afárá rẹ̀ lọ láàárọ̀, kò ní jókòó ka ìwé olójú ewé 800. Ìmọ̀ ò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó máa gbé e dé ibi iṣẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, wọ́n ní kí yunifásítì gba èèyàn tó mọ iṣẹ́, kó fún un lọ́kọ̀, kó sì máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi. Àgbàlagbà kan ni, ó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wa gírédà, ẹ̀rọ tó ń ha ojú ọ̀nà kó lè gún, kó tó di olùkọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù tí a ń gbé ọkọ̀ sí ló ti kọ́ wa, òórùn epo ń ta sí wa nímú. Ó to ọkọ̀ ìṣeré àti kóònù kéékèèké sórí tábìlì, ó wá ní kí a fi ọwọ́ ara wa tò ó bí a ó ṣe dá ọkọ̀ dúró nígbà tí a bá ń dí kòtò. Ó bi wá pé ibo ni awakọ̀ tó ń bọ̀ lórí eré máìlì 55 yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé a wà lójú títì. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ń wo ara wọn. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí ẹni tó wà níwájú wọn ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí. Etí ọ̀dà ni. Ẹ mọ bí etí títì ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí òjò bá ti gbá yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: ọ̀dà á wà lókè, ilẹ̀ á wà nísàlẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ kọ ọ́. Awakọ̀ á fẹ́ yà fún tírélà, táyà ọ̀tún rẹ̀ á já sísàlẹ̀. Ohun tí ọkàn á sọ fún un ni pé kó yí ọkọ̀ padà sójú títì kíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ha etí ọ̀dà, kò ní lè gùn ún. Á tún yí i sí i. Lójijì, táyà á gun òkè, ọwọ́ ọkọ̀ tó ti yí kọjá ààlà á wá sọ ọkọ̀ náà sí apá kejì, síwájú ẹni tó ń bọ̀, tàbí kó gbókìtì. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Àwọn tó bá sáré débẹ̀ á ní eré àsápajúdé ni, tàbí pé awakọ̀ sùn lọ. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo etí ọ̀dà.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i níbí ò le. Irin kan ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà, tó máa ń fún etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ 30 dígírì dípò kó dúró gbọnrangandan. Táyà tó bá já á gùn ún padà wẹ́rẹ́. Wọ́n ṣì máa ń kó yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí á fi dọ́gba; ìdagẹ̀rẹ̀ náà wà de ọjọ́ tí òjò bá tún gbá yẹ̀pẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀dà, síbẹ̀ àjọ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ sọ pé ó ń dín ìjàǹbá tó ń pani tàbí tó ń ṣeni léṣe kù ní ìdá 11 nínú 100. Bí mo bá délé, tí mo rí ọ̀dà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sórí ọ̀dà àtijọ́, tí etí rẹ̀ ga fíofío, tí gómìnà ti wá ṣí, inú mi kì í dùn. Owó ti jáde, iṣẹ́ ti parí, àtúnṣe tí ì bá náni ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, a ò sì ṣe é nítorí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́nà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Kò sí ìlú tí kò ní kọ́nà kan tí ọkọ̀ kì í yé ṣubú sí. Àwọn kan á ní iwin ló wà níbẹ̀, àwọn kan á ní Ògún ló ń bèèrè ajá. Wọ́n á ṣètùtù, ìjọ á wá gbàdúrà, àwọn àlùfáà á wá ṣe sàráà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ti ń ka ìjàǹbá náà lọ́kàn láìsí ìwé. Wọ́n mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n mọ̀ pé alẹ́ ni, wọ́n sì mọ̀ pé àlejò ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Àlejò! Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀nà dìde. Ó lè jẹ́ pé ọ̀wọ́ òpó iná ń lọ tààrà níbi tí títì ti yà, tàbí pé ọ̀nà oko kan gba iwájú lọ, kí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rò lálẹ́ pé títì ló ń bá a lọ. Kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbé téèpù jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà létí kọ́nà yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ jókòó.

Àwọn ará Minnesota gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Wọ́n rí i pé lójú ọ̀nà ìgbèríko, ìjàǹbá kì í jókòó sójú kan. Kọ́nà tó pa èèyàn lọ́dún yìí lè má pa ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀, kí òmíràn tó jọ ọ́ ní ìlú kejì wá pa. Nítorí náà, wọn ò sáré tẹ̀lé òkú mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn ibi búburú fi jọra: kọ́nà tó yí fún jù, èyí tí oríta wà nínú rẹ̀, èyí tí igi tàbí ọ̀nà kékeré ń tan ojú jẹ níbẹ̀. Gbogbo káúńtì 87 tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bá kọ ètò ààbò ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀. Níbikíbi tí irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ìjàǹbá tó dé, wọ́n á to pátákó ọlọ́fà sí i, wọ́n á gé ojú ọ̀dà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ létí títì kí táyà lè máa dún lábẹ́ ẹni tó bá ń tòògbé. Ikú ojú ọ̀nà káúńtì dín kù níbẹ̀ ní ìdá 25 nínú 100. Ní ìpínlẹ̀ Washington tí wọ́n ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, ìjàǹbá tó ń pani tàbí tó ń ṣeni léṣe gan-an dín kù ní ìdá 17.

Pátákó yẹn pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Pátákó tó dára lọ́sàn-án lè jẹ́ òkú igi lásán lálẹ́, bí ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ iná ọkọ̀ padà lójú rẹ̀ bá ti gbó. Láti 2008, ìlànà wọn ti ní kí gbogbo ẹni tó ni ọ̀nà ní bí yóò ṣe máa mọ èyí tó ti gbó. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n wà, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé kí ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ lálẹ́, kó máa wo pátákó kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń lọ. Èyí tí kò bá hàn sí i, kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá hàn sí ojú àgbà, á hàn sí ojú ọmọdé. Mo gbádùn ẹ̀kọ́ yẹn ju gbogbo èyí tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ lọ, torí kò sí káńsù nílẹ̀ Yorùbá tí kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọ̀la.

Bí a bá sọ fún àwọn aláṣẹ wa pé kí wọ́n gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ wá, ohun tó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ojú omi máa já sí Àpápá. Ẹ lọ wo àgbàlá àwọn káńsù wa: ẹ ó rí gírédà tí koríko ti hù bò. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọn ò ra ìmọ̀ ẹni tó máa wà á. Fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà oko wa, bàbá olùkọ́ wa yẹn ní àárín gbọ́dọ̀ ga ju etí lọ: láti àárín sí etí, nínú mítà kan, kó rẹlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Bí àárín bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi á jókòó síbẹ̀, táyà á máa tẹ̀ ẹ́, kòtò dé nìyẹn. Ó ní kí gírédà má sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 8 láàárín wákàtí kan lọ, torí bó bá sáré jù, á máa fò, ojú ọ̀nà á sì rí gbágungbàgun lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ gọ́tà títí ó fi sú àwọn kan: ẹ kọ́kọ́ la gọ́tà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fọwọ́ kan ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí, tó ní gírédà àtijọ́ kan, á ṣe ọ̀nà tó dáa ju ti ẹni tó ní ẹ̀rọ tuntun láìmọ̀ wọ́n.

Wọ́n tún ní ìdíje kan, Build a Better Mousetrap, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti ń mú ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rọ wá: bóyá irin tí ẹnì kan so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kó lè máa tò kóònù láìsọ̀kalẹ̀, bóyá ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè fa òpó pátákó tu. Ìyà ẹnu iṣẹ́ ló ń bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà wa ní Ìbàdàn àti Òṣogbo ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rí àwọn ohun tó gba ẹ̀bùn.

Irú nǹkan yìí ò sì ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀, inú yunifásítì náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ló sì ṣíwájú rẹ̀. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí ìjọba àpapọ̀ fi tú u ká ní 1983. Ní 1988 ni wọ́n tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, Olú Agúnlóyè sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyẹn dojú kọ awakọ̀, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Ọ̀nà fúnra rẹ̀, àti ẹni tó ń tún un ṣe, ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Kì í ṣe pé a ò ní èèyàn. Àwọn Road Safety mọ ibi tí ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. NBRRI, ilé ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. FERMA ti ń tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ láti 2002. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ọ̀nà wà ní Ifẹ̀, Ìbàdàn, Èkó, Àkúrẹ́. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó wọ ọkọ̀ lọ sí káńsù Ìṣẹ́yìn tàbí Ẹdẹ, kó pe àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jọ, kó sì fi ohun tí Ọ̀tà ṣàwárí hàn wọ́n. Tanzania ní ibùdó fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, kò sì ṣeé sọ pé wọ́n lówó jù wá lọ.

Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí, àwọn ará àdúgbò á ṣe é fúnra wọn. Ẹ wo bọ́ǹpù. Ọkọ̀ á gbá ọmọ kan, ìyá rẹ̀ á sunkún, kí ó tó di ọjọ́ kejì àwọn ọ̀dọ́ á ti po sìmẹ́ńtì. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mi ò ní bú wọn láé. Ṣùgbọ́n bọ́ǹpù náà á ga, etí rẹ̀ á mú, kò ní ọ̀dà funfun lára, kò ní pátákó níwájú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́kadà kan á fò sókè. Bọ́ǹpù tó dáa ga bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ lójú ọ̀nà tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, kí ọkọ̀ lè gùn ún, kó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ń gba ọmọ là àti èyí tó ń pa ọlọ́kadà ò ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bí ẹnì kan bá wà tó máa sọ ọ́.

Àyè ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ètò RAAMP, tí Báńkì Àgbáyé ń kówó fún, ti mú kí àwọn ìpínlẹ̀ máa ṣòfin fún àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò owó ọ̀nà. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó yẹn fún ẹ̀kọ́. Kí yunifásítì kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù gba èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà rí, kí wọ́n fún wọn ní ọkọ̀ kan. Kí ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ ní Yorùbá, torí ẹni tó ń kó gọ́tà ní Ìkìrun ò nílò gẹ̀ẹ́sì kó tó lè mọ ibi tí ikú ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ yìí ò ṣeé sọ ní Yorùbá, kó tún kà láti òkè wá.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dá lórí bí òṣìṣẹ́ ò ṣe ní kú sẹ́nu iṣẹ́. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré, pátákó ìkìlọ̀ kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí à ń dí: ti àkọ́kọ́ á jìnnà sí ìkejì ní mítà 150, ìkejì sí ìkẹta bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè ti mọ̀ kó tó rí wa. Nínú ìlú tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ, mítà 30 tó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ka igi tí àwọn awakọ̀ wa fi ń kìlọ̀ fún ara wọn dáa lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ kì í tàn lálẹ́. Kí a wá ohun tó ń tàn so mọ́ ọn. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ̀nà ní káńsù kan nílé. Ó kà á, ó pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣe é o, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kì í dúró fún àsíá. Ẹ̀gbẹ́ wa ló máa gbà kọjá, láàárín èmi àti kòtò. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ìyẹn." Kò sí ọlọ́kadà lórí tábìlì tí wọ́n fi kọ́ mi. Òun àti èmi la jọ ń tún apá yẹn kọ lọ́wọ́.